Ìwé Tí Ẹ Ń Retí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara wa le. Màmá ṣì wà ní Gwarinpa, wọ́n ṣì ń bá aládùúgbò jà nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, èyí tí òǹkọ̀wé tí ẹ fẹ́ràn jù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí ẹ ń retí títí ẹ fi lọ.

Mo purọ́ fún yín. Ìwé náà ti dé. Inú báàgì mi ló wà ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà ní ọsibítù ní Maitama, tí mo ń sọ pé ẹni tó ń tàwé ní Wuse ò tíì rí i gbà. Nílé wa, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ kàwé. Ẹ ó fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó lẹ́yìn, ẹ ó kà á nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ títí ẹ ó fi kọjá ibi tí ẹ ti fẹ́ sọ̀, nígbà tó bá sì di ìdí oúnjẹ alẹ́, ẹ ó dárúkọ apànìyàn. Dókítà ṣáá ni. Bó jẹ́ dókítà ẹran nìkan ló wà nínú ìtàn náà, òun náà lẹ ó mú. Kò sí ìgbà kan tí ẹ jàre. Èmi àti Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ kà á, ó sì dùn mí. Ìwé náà ò dáa, Bàbá. Ọlọ́pàá inú ìtàn, tó gbọ́n nínú àwọn ìwé ti tẹ́lẹ̀, wá ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ láìrí i. Mi ò tíì kà á dé ìdajì tí mo ti mọ ẹni tó pààyàn. Mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ kà lórí àìsàn, pé tí ẹ bá délé, a ó jọ bú òǹkọ̀wé náà. Ta ló ní kí n bá yín yàn? Ẹ ò kúkú délé.

Ẹ ò tíì fojú kan ìwé náà tí ẹ ti mú dókítà. Bí dókítà tiyín bá wọlé, ẹ ó ṣẹ́jú sí mi: “Kai, bá mi ṣọ́ ọkùnrin yìí o.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ ẹni tó pààyàn nínú ìwé náà, ẹ ó mọ̀ pé mo ti ń purọ́. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti mọ̀?

Lánàá, Màmá rí i lórí tábìlì mi. Wọ́n rò pé láti fi rántí yín ni mo ṣe rà á, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Ojú tì mí, mi ò lè jẹun.

Màá sọ òótọ́ fún wọn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Dókítà ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jàre.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àárò yín ń sọ.