Díákónì Seth Olúṣẹ̀yẹ, Ẹni Tó Wá Ìdí Ìṣàn Omi (1946–2024)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946 ni a bí Díákónì Seth Olúṣẹ̀yẹ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, sínú ìdílé Pa Ezra Olúṣẹ̀yẹ, àgbẹ̀ oníkòkó, àti Màmá Adébùnmí. Àárín òkè ni Bàbá dàgbà sí. Wọ́n ti lé lógún ọdún kí wọ́n tó fojú rí òkun.

Wọ́n gboyè jọ́gíráfì ní Ìbàdàn lọ́dún 1971, wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fẹ́ Màmá wa, Margaret, ní 1976. Ní 1978 ni wọ́n kó dé Festac, ní Èkó. Ẹni tó bá bá Bàbá jókòó á gbọ́ ìtàn bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà dandan: bí àwọn onímọ̀ àtijọ́ kan ṣe ní òkun ń mí ni, tí àwọn mìíràn ní yíyí ayé ló ń dà á síwá-sẹ́yìn bí omi inú garawa, kó tó wá hàn pé òṣùpá àti oòrùn ló ń fà á. Kì í sú Bàbá. Àwa ló ń sú.

Inú ọ̀sà ẹ̀yìn Festac ni ìjọ Bàbá ti ń ṣe ìrìbọmi, Bàbá ló sì ń fi òṣùpá ṣírò àkókò. Ní 2005, wọ́n ní bí omi bá ti kún tán, ìṣàn rẹ̀ á dúró. Omi kún tán lóòótọ́, kò dúró. Ó já Tẹjúmádé, àbíkẹ́yìn wọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi lọ́jọ́ náà, gbà lọ́wọ́ pásítọ̀ kó tó rì í bọmi, ó ń gbé e lọ. Bàbá ń kígbe létí omi, wọn ò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Apẹja kan, Samson, ló fa ọmọ náà yọ nígbà tí èémí ti fẹ́ tán. Lójú gbogbo ìjọ ni Màmá ti ní, "Bàbá Tẹjú, ẹ ò ní fi ọmọ mi dán ìwé yín wò mọ́ láéláé!" Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, Tẹjúmádé kò dé etí omi.

Ó dun Bàbá wọra. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ju ike òfìfo sínú ọ̀sà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ lẹ́yìn tí omi bá kún. Wọ́n rí i pé omi ṣì máa ń ṣàn wọlé fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró. Wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún!

Ní 2022, Tẹjúmádé ní òun ṣe tán láti ṣèrìbọmi, nínú ọ̀sà kan náà, kí bàbá òun sì yan àkókò. Màmá tẹ̀ lé wa dé etí omi. Bàbá ju ike. Ike ń lọ. Gbogbo wa dúró. Wọ́n ju òmíràn. Kò kúrò lójú kan. Bàbá ló kọ́kọ́ wọ omi, wọ́n dúró níbi tí ìṣàn ti gbé ọmọ wọn gbà níjọ́sí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Pásítọ̀ ri Tẹjúmádé bọmi. Ó gòkè. Màmá bú sẹ́kún, wọ́n di ọwọ́ ọkọ wọn mú títí a fi délé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Bàbá sùn nínú Olúwa. Màmá Margaret ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Ọláńrewájú, Ọlákìtán àti Tẹjúmádé, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Bàbá, ọmọ yín ti gòkè. Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, kí ẹ sùn re.