Kì í Ṣe Ẹni Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Fura Sí

Ilé Olóògbé Akínbọ̀wálé,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Tube, Ìpókíá,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020.

Leah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ayétòrò? Ọkọ rẹ Nathaniel ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá yín ti ń fúyẹ́? Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ọdún tuntun. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Ara èmi náà le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa ni nǹkan ti rí jákujàku níbí. Iná tí mo lè fi ṣáàjì fóònù kò tó nǹkan, mo sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀délẹ̀, ni mo ṣe mú gègé.

Ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń sá jáde nígbà tí a wà nílé ìwé, bí ẹ bá ti ń wo fíìmù tí wọ́n ti pààyàn? Má rẹ́rìn-ín o, èmi náà ti di ọ̀kan nínú yín. Onílé mi ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Màmá Akínbọ̀wálé ni à ń pè é, opó kátíkíìsì ni, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn Bíbélì, kò sí ohun tí màmá yìí fẹ́ràn tó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé rẹ̀, a jọ ń wo eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rí òkú olówó kan nínú kànga, mo bá fi ìborùn bojú. Ó ní, "Kẹ́mi, fi òkú sílẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù ni kí o máa wò." Mo ṣí ojú. Láti ọjọ́ náà, n kò tún bò ó mọ́.

Ohun tí mo wá rí níbẹ̀, Leah, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Sùúrù ni. Gbogbo ìlú á ti dájọ́ tán, ẹnì kan ṣoṣo á ní kò tíì yé òun. Á jókòó, á béèrè, á wo bàtà, á wo ilẹ̀, á tún béèrè. Mo fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an.

Nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ìtòsí bọ́dà mọ́, jẹnẹrétọ̀ Màmá dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n náà dákẹ́. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Màmá kàn ṣí àpótí ìwé ọkọ rẹ̀ tí ikán ti ń yọ́ jẹ ni, ó mú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi ìyeyè iwájú ilé nírọ̀lẹ́, ó ń wo Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi. Kí a tó mọ̀, àwọn aládùúgbò ti ń gbé ìjókòó wá. Ẹni tó ń tajà ní ìhà kejì bọ́dà kò lè kọjá, iṣẹ́ ò sí, kí ni wọn ì bá ṣe? Bàbá Mákindé àgbẹ̀ á ní ìyàwó ló pa á. Nínú gbogbo ìwé, ìyàwó ni bàbá yìí máa ń mú. Àṣìkẹ́ tó ń ta ìrẹsì á ní aṣọ́gbà ni. Bí ó bá ku díẹ̀ kí àṣírí tú, Màmá á pa ìwé dé, á ní ó di ọ̀la. Díẹ̀ ló máa ń kù kí wọ́n fa aṣọ ya mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yìn Kérésì ni ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìwé. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù já wọ ilé Àṣìkẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n kó gbogbo ìrẹsì òkèèrè tó fi pamọ́ síbẹ̀. Àṣìkẹ́ káwọ́ lérí. Ta ló lọ sọ fún wọn? Ẹnì kan ní òun rí Mùnírù ọlọ́kadà tó ń bá ọ̀gá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lójú bọ́dà. Ó tán. Nígbà tí mo máa fi yọjú síta, àwọn ọ̀dọ́ ti wọ́ ọ dé abẹ́ igi ìyeyè, wọ́n ti da ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan sì ti mú ìṣáná dání. Aṣọ Mùnírù ti ya.

Màmá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Àṣìkẹ́, ìwé tí a kà tán yẹn, ta lo ní ó pa dókítà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ìwé o."

"Mo mọ̀. Ta lo ní ó pa á?"

Àṣìkẹ́ ní, "Aṣọ́gbà."

"Ṣé aṣọ́gbà ni?"

Bàbá Mákindé ló dáhùn pé, "Kì í ṣe aṣọ́gbà."

Màmá ní, "Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ni aṣọ́gbà yẹn bọ́ sí, ẹ̀ bá ti sun ún." Ó wá yíjú sí Mùnírù. "Kí lò ń bá ọ̀gá yẹn sọ?"

Mùnírù bú sẹ́kún. Ó ní ìyàwó òun bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìhà kejì, wọn kò jẹ́ kó kọjá wá, òun kò sì tíì fojú kan ọmọ náà. Ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bẹ̀ wọ́n. Ojú ló ti òun tí òun kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun tí òun ń gbé gbogbo ayé délé wọn, òun kò lè gbé ìyàwó òun wálé.

Ẹni tó mú ìṣáná dání rọra fi í sápò. Àṣìkẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ wo ilẹ̀, a sì tẹ̀ lé e. Adìyẹ ló kún ibẹ̀. Wọ́n tò láti ojú títì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ. Àṣìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ìrẹsì sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àpò náà ló ti lu nígbà tó ń kó wọn wọlé lóru, tó ń dà sílẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gba ojú títì kọjá kò nílò olófòófó kankan. Kò sí ẹni tó fi hàn án, òun fúnra rẹ̀ ló rí i, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́: "Èmi ni mo fọ̀nà han wọn." Leah, ti Màmá wú mi lórí, ṣùgbọ́n ti Àṣìkẹ́ yẹn jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀ fún Mùnírù níwájú gbogbo àwọn tó fẹ́ bá a dáná sun ọ̀kadà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àṣìkẹ́ àti Màmá bá Mùnírù lọ sí bọ́dà. N kò mọ ohun tí Màmá sọ fún ọ̀gá yẹn. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ìbéèrè ni yóò ti bi í. Ẹsẹ̀ ni ìyàwó Mùnírù fi rìn wọlé, Àṣìkẹ́ ló pọn ọmọ. Gbogbo wa tú jáde. Mùnírù na ọwọ́ méjèèjì, ó tún fà wọ́n sẹ́yìn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun. Toheebat ni ó sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n Àṣìkẹ́ ní òun náà ní orúkọ tòun: Ọmọ́délé. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń pè é báyìí nìyẹn.

Bá mi kí Nathaniel, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá yín. Bí o bá rí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rà ní Ayétòrò, má fi dù mí o. Onílé mi ní kí ó ṣáà jẹ́ èyí tí ikán kò tíì jẹ ojú ewé ìparí rẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í bojú mọ́,

Kẹ́misọ́lá