Pupuru Yín Ṣì Wà Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ìyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi ń kọ èyí o, nítorí wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń kọ Ìkálẹ̀ tiwa sílẹ̀. Tí mo bá sì dán an wò, ẹ ó kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ má bínú pé mi ò tíì sunkún. Lọ́jọ́ tí a sin yín, gbogbo ìjọ ló sunkún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀yin àti òun kì í fẹ́ rí ojú ara yín, sunkún títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi ń gbé àga fún àlejò. Ara mi kàn kú, bí apá tí èèyàn sùn lé. Mò ń jẹun, mò ń wẹ̀, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣé bó ṣe rí fún yín nìyẹn nígbà tí Bàbá lọ? Kí ló dé tí mi ò fi bi yín nígbà náà?

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wó ilé iná yín, níbi tí ẹ ti ń yan pupuru tà. Àkọ́bí yín tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkìtìpupa ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó wá sí Ìkọ̀yà, ó yí ilé iná ká, ó fẹsẹ̀ ta òpó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò, ó ní òun máa mú káfíńtà wá tú páànù rẹ̀. Ó ní kí n lọ wá iṣẹ́ tíṣà, kí n yéé fi èéfín ba ojú ara mi jẹ́. Ó tún ní kí n dé Àkúrẹ́ kí wọ́n yọ fọ́tò yín kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé òkú kì í polówó ọjà. Ó ní ṣebí tí ọdún 2000 bá ti wọlé báyìí, gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ló máa dàrú, kí ni mo wá ń dì mú níbẹ̀? Ẹ mọ ọmọ yín. Ohun tó bá ti gbọ́ lórí rédíò, ó parí nìyẹn.

Iná ibẹ̀ kò tíì jó láti ọjọ́ tí a gbé yín lọ sí ọsibítù. Àwọn aládùúgbò ló bá wa da omi sí i kí ilé má baà jó. Eérú rẹ̀ ti dì, ewúrẹ́ ló ń sùn sí i. Màá dé ẹnu ọ̀nà, màá wò ó, màá padà.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Dàpọ̀, ọmọ àbúrò yín, gbé ọ̀rọ̀ náà dé láti ilé kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́? Ó ní òun máa ṣe ojú ewé kan fún yín, tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ṣí, tó sì máa rí pupuru yín níbẹ̀. Ẹ ní ṣé onítọ̀hún á gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní rárá. Ẹ ní irú ọjà wo wá nìyẹn? Síbẹ̀ ẹ gbà, nítorí ẹ ò lè sọ pé rárá fún Dàpọ̀.

Háà, fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn! A kì í gbé pupuru tó ṣì dúdú lẹ́yìn síwájú àlejò. Ọmọ kékeré Ìkálẹ̀ mọ èyí. Ta ló sì tún jẹ́ àlejò ju òyìnbó lọ? Bí èmi àti ẹ̀yin ṣe mú ọ̀bẹ nìyẹn, tí a họ èéfín kúrò lára gbogbo rẹ̀ títí ó fi funfun báláú, tí a tò ó sínú abọ́ tánganran tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Dàpọ̀ yà á, ó gbé e síbẹ̀. À ń retí òyìnbó. Òyìnbó kankan ò wá. Àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó fọ́n káàkiri ló wá, torí ta ló tún ń wá pupuru kiri láyé yìí? Èébú ni wọ́n sì bá wá. Ọ̀kan béèrè pé ṣé fùfú ni àbí ẹfun. Òmíràn ní pupuru tí kò fojú kan iná rí ni a fẹ́ tà fún òun. Mo kà á fún yín, ẹ lu itan, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di ògiri mú.

Èyí tí a yà tẹ̀ lé e ló wà níbẹ̀ dòní. Ẹ gbé odidi pupuru dúdú kirikiri lọ́wọ́, èéfín wà lẹ́yìn yín, ẹ ò rẹ́rìn-ín rárá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti ń wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù àti Pọ́tákọ́ọ̀tù. À ń di ẹrù, ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò á bá wa gbé e.

Ẹ̀yin náà ò sì rọrùn o. Tí mo bá fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ lọ wo lẹ́tà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó kí n kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi fèsì. Dàpọ̀ ní kó ṣe ṣókí. Ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ, ẹ ó kan ọmọ, ẹ ó bọ́ sórí òtútù ìlú wọn, ẹ ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ẹni kan ní Òde-Ayé, kí ẹ tó dé orí pupuru. Inú á máa bí mi nínú takisí títí a ó fi kọjá Oǹdó. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ ṣá, n kò yọ ọ̀kan. Wọ́n á sì tún kọ̀wé padà pé ẹsẹ̀ ìyá àwọn ti ń sàn, wọ́n á ní kí a di púpọ̀ sí i.

Nínú oṣù tó kọjá, mo lọ ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kò sí agbára ìjiyàn nínú mi. Dàpọ̀ ṣí ojú ewé yín, fọ́tò yín sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti òkè bó ṣe máa ń ṣe: gèlè, iwájú orí, ojú. Ó wá dúró síbẹ̀. Ẹnu yín ò jáde. Mo jókòó, mò ń retí ẹnu yín, ọkàn mi ò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Dàpọ̀ ní kí n kọ́kọ́ wo lẹ́tà tó wà nílẹ̀ kí òun tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ti gbọ́, Ìyé. Wọ́n kí wa kú ọ̀fọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn yín á dára, wọ́n ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún yín. Mò ń kà á, mò ń kọjá. Ìgbà náà ni mo kan ti obìnrin Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ máa ń béèrè ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kò kí mi, kò ṣàdúrà. Gbólóhùn kan ló kọ: Ta ló ń dáná báyìí?

Ọwọ́ mi ló gbéra fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: Èmi ni. Dàpọ̀ wò mí, mi ò wò ó. Irọ́ gbuu ni, ewúrẹ́ ló wà nínú ilé iná! Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti lọ, a ò sì lè sáré tẹ̀ lé e. Mi ò wá jẹ́ kó yọ nǹkan kan mọ́. Mo ní kó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ẹ ti lọ sinmi, pé ọmọ yín ló ń ṣe é.

Mo dé ilé, mo lé ewúrẹ́. Mo wú ẹ̀gẹ́, tí àwọn tíṣà wa ń pè ní gbágùúdá, mo rẹ ẹ́, mo fi òkúta tẹ omi inú rẹ̀ jáde, mo ṣù ú, mo tò ó sórí àjà, mo dáná sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣù fọ́ yángá. Mo tún òmíràn ṣe. Ẹ máa ń fi èékánná kan án, ẹ ó dẹ etí sí i. Kí lẹ máa ń gbọ́ níbẹ̀? Mo kan án, mo dẹ etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó sú mi, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi mú káfíńtà dé. Ó ti rí èéfín láti ojú ọ̀nà, ó sì ti ń pariwo kó tó wọlé. Mi ò bá a jà. Mo ro pupuru tí mo ṣe, mo bu ọbẹ̀ marúgbó, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò lè fi ebi jà. Ó gé òkèlè kan, ó gbé e mì. Ó dáwọ́ dúró. Ó dìde láìfọwọ́, ó jáde. Káfíńtà bi í pé ṣé kí òun máa gun òkè, ó ju ọwọ́ sí i pé kó máa lọ sílé. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo rò pé pupuru náà ti kan ni. Mo gé díẹ̀ nínú àwo rẹ̀, mo fi sẹ́nu.

Ìyé, ọwọ́ yín ni. Àárò yín wá sọ mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń dáná.