Bọ́tìnnì Tó Ra Máṣíìnì

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Yàrá Kejì, Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Akọ̀wé, ìwọ ọ̀rẹ́ tó di ẹ̀gbọ́n tó tún di àbúrò fún mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́rùn mi kalẹ̀. Lẹ́tà rẹ méjì ni mo ti fèsì sí láì dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo tí o bi mí nínú méjèèjì: ṣé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ọmọṣẹ́ mi ti gba máṣíìnì rẹ̀? Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo sọ ti òjò, mo sọ ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo tún sọ ti ológbò ilé ìfọṣọ tó bímọ sínú agbọ̀n aṣọ oníbàárà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò tíì gbà á. Èmi ni mi ò fún un, mo sì ti purọ́ kí n má baà fún un.

Ó yá, mo wáá kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn láì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́? Àwọn ọmọ tó wà níléèwé, ṣé wọ́n ń kọ̀wé sí ọ, àbí ìgbà tí nǹkan bá tán lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń rántí pé àwọn ní bàbá? Ara le níbí. Ìyàwó mi wà, iṣẹ́ sì ń wọlé. Ọkàn mi nìkan ni kò jókòó.

O rántí ọjọ́ tí o fi ọkọ̀ rẹ gbé mi dé láti ọsibítù ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí mo fi ọ̀pá méjì rìn wọ ṣọ́ọ̀bù. Oṣù márùn-ún ni mo fi dùbúlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó kán. Oṣù márùn-ún náà ni ọmọṣẹ́ mi àgbà, obìnrin tí a ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí pé kò sí ohun tí kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, fi di ṣọ́ọ̀bù mú. Oníbàárà kan kò lọ. Kọ́kọ́rọ́ kan kò sọnù. Nígbà tí mo rí bí gbogbo nǹkan ṣe wà létòlétò, omi bọ́ lójú mi, mo sì nawọ́ sí máṣíìnì tó ń lu ihò bọ́tìnnì. Mo ní, "Ọjọ́ tí o bá fẹ́ dá dúró, tìrẹ nìyẹn."

Ìyẹn ni o gbọ́. O tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà lo sáré jáde lọ gbé ọkọ̀ rẹ, torí ìyá alágbàfọ̀ ti ń pariwo pé o dí òun lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ ni mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúpẹ́, ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ má fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ rántí pé òun ló ni ín. Ẹ tà á fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi rà á?" Mo wò ó látòkè délẹ̀, ojú mi sì bọ́ sí bọ́tìnnì búlúù kan lọ́rùn ọwọ́ aṣọ rẹ̀. "Bọ́tìnnì yẹn tó. Mú un wá."

Èmi ń rẹ́rìn-ín o. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka mi dé lé e lórí. "Mo ti rà á o, ọ̀gá. Ó dọjọ́ tí mo bá ń lọ." Mo ní, "O ti rà á." Mo sọ bọ́tìnnì náà sínú agolo tí a ń kó bọ́tìnnì sí, ó di ọ̀kan nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Láti ìgbà náà, tó bá wọ aṣọ yẹn, ṣe ló máa ń ká apá kan sókè. Àwọn aránṣọ yòókù a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Aránṣọ tí kò ní bọ́tìnnì! Ojú ò tì ọ́?" Òun a ní, "Mo ti fi tèmi rajà." Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ní ọdún tó kọjá, àwọn tó ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè é, kò lọ. Ó ní máṣíìnì òun wà níbí.

Wàyí o, oṣù tó kọjá ló sọ fún mi pé òun ti rí yàrá kan, òun fẹ́ máa dá ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí wá máṣíìnì. Òun náà ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò tó bá rán, ẹsẹ̀ kan a máa ṣáájú èkejì délé. Ìyàwó mi ní, "O fẹ́ gbé nǹkan fún àlejò, kí ọmọ inú ilé máa wò?" O mọ̀ mí, Akọ̀wé. Láti iléèwé girama ni mi ò ti lè sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan náà kí n sì dúró tì í. Mo ní kí ọkọ ọmọ wa fi ọkọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí.

Ni mo bá ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé mo jàre. Lọ́yà tí mo ń bá rán ṣòkòtò wá wọ̀ ọ́ wò, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní, "Bàbá Teépù, kí lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo ní ó tọ́jú ṣọ́ọ̀bù fún mi. Ó ní, "Kí ẹ tó ṣèlérí ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Mo ní kí n tó ṣèlérí. Ó ní, "Ó tán. Oore àná kì í ra ìlérí òní. Ẹ̀bùn lẹ fẹ́ fún un, ilé ẹjọ́ kì í sì í fipá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé, kí lonítọ̀hún fi ra ọ̀rọ̀ ẹnu yín?"

Ara tù mí. Mo ki píìnì mẹ́ta sẹ́nu, mo kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Lọ́yà kò dákẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe pé ó gbọ́dọ̀ pọ̀ o. Òfin kì í báni ná ọjà, kò kàn án bóyá ẹ tà á lọ́pọ̀. Ká ní ẹ béèrè ohun kékeré kan, tó sì mú un wá, kódà..." Ó wo orí tábìlì mi. "Kódà kó jẹ́ bọ́tìnnì kan, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀."

Píìnì mẹ́ta wà lẹ́nu mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ti fi ń sọ fún ara mi pé píìnì ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo yọ wọ́n tán ńkọ́? Mo bi Lọ́yà bóyá kí n dín gígùn rẹ̀ kù díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kejì, mo sọ fún Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé Lọ́yà ní òfin kò mọ ìlérí yẹn. Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ọ̀gá?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀."

Kò wò mí. Agolo bọ́tìnnì ló wò. "Ó dáa," ó ní, "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni." Ó jókòó ti máṣíìnì yẹn, ó lu ihò sí aṣọ méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù nílẹ̀, ọ̀kan kò wọ́. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún kí mi, ó sì gbé àga mi síbi tí oòrùn kò ti ní pa mí, bó ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, òtítọ́ yóò bá a lọ́jọ́ kan. Tèmi kò tiẹ̀ lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méje péré, ẹsẹ̀ ti ń ro ó. Nígbà mìíràn mo máa ń ní, eré ni, ta ló ń fi bọ́tìnnì ra máṣíìnì? Mo wá ń rántí pé èmi ni mo dárúkọ bọ́tìnnì, kì í ṣe òun. Àbí mo ro ó jù ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án òní, nígbà tí àwọn ọmọṣẹ́ lọ jẹun, mo da agolo yẹn sórí tábìlì. Kí n sòótọ́, mò ń gbàdúrà kí n má rí i. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí mo fi rí i, òwú ṣì wà nínú ihò rẹ̀ bó ṣe gé e. Mo ní màá rán an padà mọ́ aṣọ rẹ̀, kí n fi bẹ̀ ẹ́. Mo ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kí orí mi tó wálé. Bí mo bá dá ohun tó fi rajà padà fún un, ọjà yẹn ni mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì yìí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, tèmi ni. Máṣíìnì ni kì í ṣe tèmi.

Ni mo bá rán an mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù mi aláwọ̀ eérú. Kò bá a mu rárá. Ó dà bí ojú ẹja lára rẹ̀.

Ìyàwó mi kò tíì gbọ́. Tí mo bá lẹ lẹ́tà yìí tán, n ó lọ bá a ní yàrá. Yóò bínú, kò sì jẹ̀bi, torí ohun tí mo ti tà ni mo tún ṣèlérí fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Jọ̀ọ́, nígbà tí o bá ń fèsì, má rẹ̀ mí lẹ́kún. Bú mi díẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o bá mi kí orúnkún yẹn náà. Sọ fún àbíkẹ́yìn rẹ pé kóòtù rẹ̀ ti wà ní gígé, ó ku rírán.

Lọ́la, n ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ wa kó má gbé ọkọ̀ wá. Lẹ́yìn náà, kí n tó ki píìnì kankan sẹ́nu, n ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ eérú yẹn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi rí ọrùn ọwọ́ mi. N ó sọ fún un lójú gbogbo wọn pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún Lọ́yà. N ó sì di orí máṣíìnì náà mú, kí òun di ìdí rẹ̀ mú, ká jọ gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí o mọ̀ ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ,

Teépù.