Owó Ìfẹ̀yìntì Bàbá Ṣọlá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi wọlé lánàá, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. A ti jọ pinnu tipẹ́ pé ojú wọn la ó kọ́kọ́ fi tọ́jú. Wọ́n tiẹ̀ fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí ká tó lọ sí Òṣogbo.

Dókítà ní, "Màmá, ó ti pẹ́ jù. Iṣan ojú méjèèjì ti kú. Ẹ má náwó lé e mọ́."

A wọ mọ́tò padà sí Iléṣà.

Ọkọ mi fúnra wọn ló ń tù mí nínú. Wọ́n ní ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú ilé, ká fi èyí tó bá kù sí àjẹṣẹ́kù. Wọ́n ń fi ìka ya ṣọ́ọ̀bù náà sórí tábìlì.

"Ìyá Ṣọlá, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá Ṣọlá."

Irọ́ ni. Omijé ti bo ojú mi.