Orúkọ tí Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwòsàn Kò Mọ̀

                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Fájuyì,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Orúnkún ńkọ́? Iṣu tí ẹ gbìn ní Ìjàn ńkọ́, ṣé òjò jẹ́ kó ta? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Habeebat, ọmọ Fúàdì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n má yin òun jù. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ.

Ilé ìwòsàn kan ní Fájuyì ló gbà á fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò ó bóyá ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tó yẹ kó máa dá lọ sínú kọ̀ǹpútà láàbù láràárọ̀, kó kó èsì àyẹ̀wò wá fún dókítà. Tí Habeebat bá jókòó tì í, á ṣiṣẹ́. Tó bá ní kó dá ṣe é, á ní òun ò rí fáìlì kankan. Ọ̀gá ní bó bá fi di Jímọ̀ tí kò tíì tún un ṣe, kó máa lọ sílé.

Lọ́jọ́rú, mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi níbẹ̀, mo bá jókòó tì í. Mo bi í pé ibo ló ní kó lọ kó o. Ó ní Z ni. Ta ló ń jẹ́ Z? Ó ní òun lòun sọ àpò fáìlì láàbù bẹ́ẹ̀, kó má baà gùn lẹ́nu.

"Tí o ò bá sí ńbẹ̀, ta ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà?"

Ó ní Wíndóòsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní orúkọ mìíràn tó fi ń ṣe é.

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi ìyàwó nìkan ni mo ń pe Ìyá Ìjàn ní Eyínmẹ́nugún. Bí mo bá rán àlejò pé kó béèrè Eyínmẹ́nugún, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Ruqoyyah tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí ni kó béèrè. Onílé náà sì gbọ́dọ̀ mọ àlejò kó tó ṣílẹ̀kùn."

Ó ní, "Màmá, ẹ sún díẹ̀ kí n rí ọwọ́ nà."

Ó pa Z rẹ́, ó kọ orúkọ kọ̀ǹpútà láàbù gan-an síbẹ̀. Ó fún ètò náà lórúkọ tirẹ̀, ó wá lọ sọ fún kọ̀ǹpútà láàbù pé bí onítọ̀hún bá dé, kó jẹ́ kó ka fáìlì, kó má jẹ́ kó pa nǹkan kan rẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Habeebat ò tíì dé, títì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Dókítà dé, èsì mọ́kànlélógún ló bá lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀gá bi Habeebat pé ta ló ràn án lọ́wọ́. Ó ní ìyá àgbà òun ni. Ọ̀gá ní ilé ìwé wo ni mo lọ.

Ẹ bá mi kí Ìbráhímù àti gbogbo ulé. Wọ́n ti fún ọmọ wa ní lẹ́tà iṣẹ́, kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kà á fún mi. Ó ní ó ti tó. Mo ní kó kọ́kọ́ parí tiyín yìí ná, ká tó mọ̀ bóyá ó ti tó.

Èmi ni, ìyàwó yín tí kò dàgbà lójú yín,
Mùínátù, Ìyá Fúàdì.