Àwa Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Fóònù Kà sí Ẹnì Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú làálàá, kú ìdúró látàárọ̀. Ṣé ọ̀fun tó ń dùn ọ́ ti rọ̀? Ara tèmi le, a dúpẹ́, orúnkún nìkan ló ń ṣe bí òṣìṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún. Bàbá rẹ ti tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe, àmọ́ òjò ò tíì rọ̀ ká mọ̀ bóyá ó tún un ṣe lóòótọ́. Olúwa kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ há.

A gbọ́ iṣẹ́ tí o rán, pé ẹni tó ni ilé eré yín fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí, torí àwọn èèyàn ti jókòó sílé, wọn ò wá wòran mọ́, àti pé ọ̀gá yín ní kí ẹ máa gbé eré náà sórí fóònù pẹ̀lú. O ní onílé ní bí òun ò bá rí igba òǹwòran lọ́jọ́ Sátidé, òun á ti ilẹ̀kùn lópin oṣù, ẹ̀yin méjìlá tí ẹ ń jẹun níbẹ̀ á sì kó ẹrù yín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní a ò ní káwọ́ gbera kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wa.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbá pálọ̀, mo gbé fóònù àbúrò rẹ sórí àpótí, mo sì tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, torí ẹ̀yin òṣèré méjìlá ò lè wá sílé mi kí n gbé yín ka orí igi lásán. Káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì wá. Aránṣọ wọ bàtà rẹ̀ tó máa ń há a lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi kó ọmọ mẹ́fà dání, mo sì kìlọ̀ fún un pé eré la fẹ́ wò, kì í ṣe òun. Gbogbo wa jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wá.

Bí o ṣe yọ, a pàtẹ́wọ́ títí, o ò tiẹ̀ bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Mo ní ó dáa, ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí o kúnlẹ̀ tí o ń sunkún pé o ò ní ìyá, mo dìde, mo ní mo wà níbí. Bàbá rẹ ní kí n jókòó, pé eré ni. Mo jókòó, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ṣàlàyé fún ọ̀gá yín, kó má lọ máa san owó oṣù ọmọ òrukàn fún ọ.

Ohun tó wá dùn mí ni nọ́ńbà tó wà ní igun fóònù. Àbúrò rẹ ní iye àwọn tó ń wòran ni. Ọgọ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mo rò pé fóònù ò rí àwọn tó wà lẹ́yìn ni, mo ní kí wọ́n sún síwájú, kò yí padà. Mo gbé e káàkiri, mo fi ojú kọ̀ọ̀kan hàn án, títí kan ìyá àgbà tó ń tòògbé, kò yí padà. Ìgbà náà ni Aránṣọ ṣàlàyé pé ẹnì kan ni wọ́n ń ka fóònù kan sí. Mo ní irú òǹkà wo nìyẹn, bí èèyàn mẹ́jọ bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ṣé bẹ́ǹṣì ni wọ́n á kà?

Ẹ yọ ẹnì kan yẹn kúrò, kí ẹ fi wá sípò rẹ̀, igba ó lé mẹ́wàá ni. Tíṣà àdúgbò wa bá mi ṣírò rẹ̀. Orúkọ wa àti ìtẹ̀ka wa wà nínú àpòòwé yìí, kí ọ̀gá yín gbé e fún onílé.

Bí onílé bá ní òun ò lè ka ẹni tí òun ò rí, sọ fún un pé à ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Awakọ̀ ti gbà láti gbé wa ní ìdajì owó, torí náà jọ̀ọ́, fi owó epo ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́rú. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, a máa ra tiwa, torí ẹni tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ ò wòran, ó kàn yọjú ni.

Ẹsẹ̀ èrò ò ní dá lẹ́nu ọ̀nà yín. Ibi tó o bá ti lanu, etí á máa gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn ká tó dé, ẹ bọ́ sí etí títì kí ẹ ṣe é níbẹ̀. Kálukú wa á gbé ìjókòó rẹ̀ dání.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.